Ẹ̀jẹ̀ Wúnè

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀. Ìrì ṣì rin koríko gbingbin
lẹ́yìn ọjà ẹran, lójú ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀.
Gídáádò di ìwo mú, ọmọ rẹ̀ di ìrù,
èmi ń fi àtàǹpàkò wá iṣan ọrùn.
Abẹ́rẹ́ wọlé. Wúnè mí kanlẹ̀, kò jà.
Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná nínú ìgò lọ́wọ́ mi
bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

“Ọmọ méjì ló ti bọ́ lára rẹ̀ láìpé oṣù,” Gídáádò wí.
“Èkejì nírun, ó lójú, kò ní èémí.
Ṣé àrùn yẹn ni, àbí òun kọ́?”
Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.
Ọjọ́ mẹ́ta tó fún ẹ̀rọ. Kò tó fún ìbéèrè náà.

Nínú yàrá àyẹ̀wò wa ní Alágbàká,
níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́ bí arúgbó,
mo kán omi ojú ẹ̀jẹ̀ sórí àwo funfun,
mo kán oògùn aláwọ̀ osùn tì í,
mo fi igi ìtayín pò wọ́n, mo wá ń mi àwo náà
síwá, sẹ́yìn, bí ẹni ń rẹ ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Bó bá dán gbinrin, ara ẹran dá.
Bó bá ṣù bí wàrà tó kan, burusẹlósíìsì ti gba ibẹ̀ kọjá.

Ti Wúnè ṣù.
Ó ṣù díẹ̀, bí iyanrìn nísàlẹ̀ ife.
Mo pe ìyá àgbà yàrá wa, Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀:
“Ó ṣù o. Àbí o mi àwo náà jù?”

Àyẹ̀wò kejì, èyí tó fi yìnyín ṣe bùsùn wá láti òkèèrè,
tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ọmọ màlúù,
ní rárá, kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu,
kò sì sẹ́ni tó wà nílé lọ́jọ́ tí olè wọlé.
Ìwé inú páálí oògùn ń fọ́nnu:
nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in, mo mú márùndínlọ́gọ́rùn-ún.
Ta ló kà wọ́n? Màlúù ilé ta ni?
Ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn ẹran orí yìnyín,
ṣé ó mọ èyí tó ń jẹko lábẹ́ kòkó ní Ìdànrè?
Bí mo bá sì fẹ́ wọn ìwọ̀n náà wò,
kí ni kí n gbé sí apá kejì?

Lésìí, àwo yìí kan náà fẹ̀sùn kan abo màlúù kan ní Oǹdó.
Wọ́n pa á. A gé ilé-ọmọ rẹ̀, a gbìn ín sínú ìgò,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohunkóhun ò hù.
Olówó ẹran ò kí mi mọ́ dòní.
A sì dá òmíràn láre, ọwọ́ mi ló kọ ọ́ pé ara rẹ̀ dá;
Akíndùrò fi ọwọ́ lásán gbẹ̀bí rẹ̀.
Oṣù méje ló fi ń lo oògùn ibà ẹ̀fọn,
aṣọ rẹ̀ ń rin lóru, orúnkún rẹ̀ ò gbà á dìde.
Iṣẹ́ mi nìyẹn: mo lè pe aláìṣẹ̀ lólè,
mo lè fi olè ṣe àna.

Lọ́jọ́ kẹta, Gídáádò dé pẹ̀lú igbá wàrà tútù, ẹ̀bùn ìyàwó rẹ̀.
Mo ní àwo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ kọ́;
kó so Wúnè lọ́tọ̀, ká tún fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Ó tẹjú mọ́ ìwé tí kò lè kà.
“Dókítà, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Kí lo rò?”

Mi ò dáhùn. Mo da wàrà náà sínú kẹ́tù,
mo ṣáná sí sítóòfù.
Ó dúró tì mí títí ó fi hó, tó ru, tó tún hó.
Lẹ́yìn náà ló gba igbá rẹ̀,
ó ká okùn rẹ̀ mọ́wọ́, ó lọ.